Ìmọ́lẹ̀ Tó Wo Etí Mi Sàn Kò Dé Ọrùn Rísí

Bí ó bá jẹ́ pé dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ pé jẹjẹrẹ awọ ara ló ń ṣe ọ́, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ jókòó. Mo mọ bí ó ṣe ń rí. Etí á di, ẹnu dókítà á ṣì máa mì, ṣùgbọ́n èèyàn ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà. Mo ṣì wà láyé, mo ń jẹun, mo ń ṣiṣẹ́, mo ń bá àwọn ọmọ mi ṣeré. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn, kí o lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kọ́ ni òpin. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn ọ́ pé ayọ̀ nìkan ló wà nínú ìtàn mi. Ẹni tó kọ́kọ́ dá àìsàn náà mọ̀ lára mi, tó fà mí lọ́wọ́ dé ọsibítù, kò rí irú ìwòsàn tí èmi rí gbà. Bí mo bá ń fá irùngbọ̀n níwájú dígí láàárọ̀, òun ni mo máa ń rántí.

Ṣẹ́gun ni orúkọ mi. Bíríkìlà ni mí, ọmọ Ìkirè, àfín sì ni mí. Bí mo ṣe kọ́ṣẹ́ tán ni ọ̀gá mi kó àwa ọmọṣẹ́ rẹ̀ wá sí Ajah, ní àkókò tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí ilé tuntun ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí olú. Inú ilé tí a ń kọ́ lọ́wọ́ ni a máa ń sùn. Láti Oníru títí dé apá Ìbẹ̀jú, níbi tí wọ́n ti wá kọ́ èbúté ọkọ̀ ojú omi ńlá, díẹ̀ ni ẹ̀sítéètì tí mi ò tíì to búlọ́ọ̀kù sí. Òyìnbó ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Bí oòrùn bá ti mú, wọ́n á máa ṣàwàdà pé Òyìnbó ti fẹ́ jinná, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo máa ń wọ ẹ̀wù alápá gígùn, mo sì ń dé fìlà tó ní ìbòòrùn níwájú. Mo rò pé ìyẹn tó. Irú fìlà bẹ́ẹ̀ kì í bo etí, n kò sì ronú nípa etí rí.

Orí etí mi òsì ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan kékeré kan hù níbẹ̀, ó le bí èèpá ọgbẹ́ tó ti gbẹ. Mo fi èékánná ṣí i kúrò, ó ṣẹ̀jẹ̀, ó gbẹ, ó tún hù. Fúnkẹ́ ìyàwó mi ló kọ́kọ́ kíyè sí i pé ẹ̀jẹ̀ máa ń wà lára ìrọ̀rí láàárọ̀. Mo ní símẹ́ǹtì ló ń jẹ ẹ́. Mo ra ìpara ní kẹ́míìsì, mo ń fi pa á. Ó jọ pé ó fẹ́ san, lẹ́yìn náà ó fẹ̀ sí i. Kò dùn mí rárá. Ìwọ tí ò ń ka èyí, jọ̀ọ́ gbọ́: kò dùn mí. Èmi rò pé nǹkan tí kò bá dunni kò lè pani.

Àárín ìgbà yẹn ni mo mú ṣòkòtò iṣẹ́ mi méjì lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kan lọ́nà Badoré kí wọ́n bá mi tún un ṣe. Rísíkátù ni orúkọ télọ̀ náà, Rísí ni gbogbo èèyàn ń pè é. Àfín bíi tèmi ni, ọmọ Ìwó. Mo ju ọmọbìnrin náà lọ ní ọjọ́ orí, ó sì ti bí ọmọ kan tó ń jẹ́ Àmídá. Kò tíì wo ṣòkòtò tí mo gbé sórí tábìlì. Etí mi ló ń wò.

“Bọ̀dá, látìgbà wo ni èyí ti wà létí yín?”

“Ọgbẹ́ lásán ni. Ó máa san.”

“Ó ti ń san látìgbà wo?”

Mo fọwọ́ kàn án. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa díẹ̀, ó sì sọ ìbòjú tó fi bo apá ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ kalẹ̀. Egbò kan wà ní ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀, ó ti le, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ga ju àárín lọ. “Bí tiyín ṣe bẹ̀rẹ̀ ni tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀,” ló wí. “Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní irú rẹ̀ lójú nílé wa. Wọ́n ní egbò ni. Egbò náà ló pa á. Mo ti fẹ́ lọ sí ọsibítù, ẹ̀rù ló ń bà mí láti dá lọ. Ẹ jẹ́ kí a jọ lọ.”

Mo sọ fún un pé màá ronú sí i. Ní tòótọ́, ilé mi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, ilé sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo pe ìyá mi ní Ìkirè. Wọ́n bú sẹ́kún lórí fóònù. “Ṣé o ti ń jẹ iyọ̀ ni? Ṣebí mo kìlọ̀ fún ọ látìgbà tí o wà ní kékeré, pé àfín kì í jẹ iyọ̀!” Wọ́n fi àgbo ránṣẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n fi àdí àti ẹbu dúdú kan tì í, wọ́n ní kí n máa fi lẹ̀ ẹ́. Fúnkẹ́ ní tirẹ̀, ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ. Wòlíì wọn ní òun rí i pé ẹnì kan ló ta nǹkan sí mi níbi iṣẹ́, kí n wá wẹ̀ ní etí òkun ní Ẹlẹ́kọ̀ọ́. N kò fẹ́ kí wọ́n ní mo ya olóríkunkun. Mo mu àgbo, mo lẹ ẹbu mọ́ etí, mo fi iyọ̀ sílẹ̀, mo sì lọ sí Ẹlẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n gbé mi wọnú omi nígbà tí oòrùn ti yọ dáadáa, àwọn apẹja ń wò wá láti inú ọkọ̀ wọn. Omi òkun wọ ojú ọgbẹ́ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó máa dùn mí. Mo dé ilé pẹ̀lú èjìká tí oòrùn ti jó.

Rísí ló pè mí lẹ́yìn ìyẹn. “Bọ̀dá Ṣẹ́gun, mi ò ní kí ẹ má gbàdúrà. Èmi náà ń kírun, mo ń bẹ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n lọ́la, mò ń lọ. Mo ti ní kí wọ́n bá mi mú Àmídá. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ wá bá mi ní ibùdókọ̀.” Mo lọ. Fúnkẹ́ fi gèlè rẹ̀ kan bò mí lórí kí oòrùn má bàa rí etí mi, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí kò fi rí mi mọ́.

Ọsibítù ìjọba ni a lọ, ní apá Èkó lọ́hùn-ún. Bí o kò bá tíì débẹ̀ rí, múra sílẹ̀ de ìlà. Ìlà wà fún káàdì, ìlà wà fún nọ́ọ̀sì, ìlà wà fún dókítà, bí ó bá sì kàn ọ́, wọ́n lè ní kí o padà wá. Gbé oúnjẹ dání, gbé omi, gbé ẹni tí yóò bá ọ di àyè mú bí o bá fẹ́ lọ tọ̀. Rísí àti èmi ni a jọ ń di àyè mú fún ara wa. Àwọn èèyàn ń bi wá bóyá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wá, Rísí á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó máa ń rán ọmọláńgidi aṣọ kékeré tó kó sínú báàgì bí a ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń fọwọ́ rán an, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa bí Àmídá ṣe ń da òwú òun rú. N kò mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á àfi ìgbà tí mo rí i pé ó ń tú ohun tó rán, tó sì tún ń rán an padà.

Wọ́n gé díẹ̀ lára ọgbẹ́ àwa méjèèjì lọ fún àyẹ̀wò. Èsì jáde: jẹjẹrẹ ni ti àwa méjèèjì. Mi ò rántí bí a ṣe jáde ní yàrá yẹn. Ohun tí mo rántí ni pé Rísí mú ọwọ́ mi, ó sì bi dókítà pé, “Kí ló kù tí a lè ṣe?”

Dókítà obìnrin kan, Dókítà Mojí, ló dá wa lóhùn. Wọ́n ní abẹ ni wọ́n sábà máa ń fi gé e kúrò. Wọ́n wá ní àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kan ń ṣe ìwádìí lórí oògùn tuntun kan, àwọn àfín tí wọ́n ní jẹjẹrẹ awọ sì ni wọ́n ń wá.

“Ẹ̀rún wẹ́wẹ́ ni oògùn náà,” ni wọ́n wí. “Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí i. A ó fi abẹ́rẹ́ fà á sínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ibi tí jẹjẹrẹ bá wà ni ó máa ń kó jọ sí jù. Bí kò bá rí iná, jẹ́ẹ́ ló máa wà, kò ní ṣe nǹkan kan. Bí a bá tan iná pupa kékeré kan sí i, òun náà á tàn, ìgbà yẹn la máa rí ibi tí àìsàn náà dé gan-an. Bí a bá wá tan èyí tó lágbára, ẹ̀rún náà á jí, á sì pa àìsàn tó yí i ká. Awọ tó dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní fara gbá púpọ̀.”

Rísí ní, “Dókítà, oòrùn ló jó wa dé ibi tí a wà yìí. Ṣé iná kọ́ lẹ tún fẹ́ fi jó wa?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Kì í ṣe irú ìtànṣán tó ń ba awọ yín jẹ́ nínú oòrùn ni a ń lò. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, ẹ gbọ́dọ̀ wà nínú òkùnkùn fún ìgbà díẹ̀, torí pé ìmọ́lẹ̀ èyíkéyìí lè jí oògùn náà níbi tí a kò fẹ́. Ẹ tún gbọ́ èyí: ìwádìí ni. Mi ò lè ṣèlérí fún yín. Kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa bá mu.”

Àwa méjèèjì ní a fẹ́. Bí a ṣe ń padà sílé lọ́jọ́ yẹn, Rísí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ti wò sàn. Ó ní bí ètè òun bá jinná, òun á lọ ya fọ́tò pẹ̀lú Àmídá láì bo ojú.

Ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ wá wò pẹ̀lú iná pupa yẹn ni ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ fún ọ jù. Wọ́n ti fún wa lábẹ́rẹ́ ṣáájú, wọ́n sì ti dá wa dúró sí wọ́ọ̀dù tí wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Wọ́n pa gbogbo iná yàrá, wọ́n gbé fìtílà kékeré kan sún mọ́ mi, àwòrán orí mi sì jáde lójú ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Etí mi ń tàn bí ẹyin iná. Mo rí i fúnra mi. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì kan na ìka sí ojú ẹ̀rọ: àmì kékeré mìíràn ń tàn ní ẹ̀bátí mi, níbi tí kò sí egbò, tí kò sí nǹkan kan tí ojú lè rí. Dókítà Mojí ní, “Ẹ wò ó. Bí kì í bá ṣe èyí, ibi tí ó ti máa tún yọ nìyẹn.” Wọ́n ní kò sí èyí tó jìn nínú méjèèjì. Oògùn náà bá mi mu.

Wọ́n ní kí n jókòó sí kọ̀rọ̀, kí n má bàa jáde sínú ìmọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé mo wà níbẹ̀ nígbà tí ó kan Rísí. Ètè rẹ̀ tàn. Inú mi dùn, mo rò pé bí tèmi ṣe tàn náà nìyẹn. Dókítà gbé fìtílà náà sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n sì dá a dúró níbẹ̀. Nǹkan kan ń tàn níbẹ̀, kò mọ́lẹ̀ dáadáa, bí iná tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Wọ́n sún fìtílà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Ibẹ̀ náà tàn. Nínú òkùnkùn yẹn, ohùn Rísí ni mo gbọ́.

“Dókítà, èyí tó wà lọ́rùn yẹn ńkọ́?”

“Rísíkátù, ó ti wọ kókó ọrùn. Ó jìn. Ohun tí a fi ń wò ó lè jẹ́ kí a rí i díẹ̀, ṣùgbọ́n iná tó ń pa á kò lè dé ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi èyí tọ́jú ètè rẹ nìkan, a tàn ọ́ jẹ ni. Abẹ lo nílò, kíákíá, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ onítànṣán tó ń pa èyí tó bá kù.”

“Ṣé ó bá Bọ̀dá Ṣẹ́gun mu?”

“Ó bá a mu.”

“Ah. Ọlọ́run ṣeun,” ni Rísí wí. Mo kàn jókòó sí kọ̀rọ̀ yẹn, mo fi ọwọ́ bo etí mi bí ẹni tó jí nǹkan gbé.

Ní ti ìtọ́jú mi, bí ó ṣe lọ rèé. Wọ́n dojú iná tó lágbára náà kọ etí àti ẹ̀bátí mi. Irọ́ ni ẹni tó bá ní kò dunni. Ó ń ta mí bí ìgbà tí ìjàlọ bo èèyàn, nọ́ọ̀sì kan sì ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i. Lẹ́yìn ìyẹn etí mi wú, ó dúdú, ó yi. Mo wà nínú òkùnkùn ní wọ́ọ̀dù títí wọ́n fi ní kí n máa lọ, nígbà tí oòrùn ti wọ̀. Fúnkẹ́ ti fi ìṣó kan aṣọ ìró rẹ̀ mọ́ gbogbo fèrèsé yàrá wa. Àwọn ọmọ ń yọ́ rìn, wọ́n rò pé bàbá àwọn ti fọ́jú. A kò san kọ́bọ̀ lórí oògùn náà, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò, owó ọkọ̀ àti ìgbà tí n kò lè ṣiṣẹ́ gbá owó wa lọ. Fúnkẹ́ ta ẹ̀rọ ìránṣọ... rárá, Rísí ló ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Wò ó, bí ọkàn mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Fúnkẹ́ ta fíríìjì tó fi ń ta omi tútù, kò sì jẹ́ kí n mọ̀ àfi ìgbà tí mo bèèrè omi.

Èèpá náà bọ́ díẹ̀díẹ̀. Awọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ pupa, ó rọ̀ bí awọ ọmọ tuntun. Àwọn dókítà tún yẹ̀ mí wò: ẹ̀bátí mi kò tàn mọ́. Ibì kan ṣẹ́ kù létí, wọ́n fi abẹ kékeré gé e kúrò. Ìyá mi wá láti Ìkirè, wọ́n fọwọ́ kan etí mi, wọ́n sunkún, wọ́n sì se ọbẹ̀ oníyọ̀ fún mi pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún Rísí. Wọ́n gé ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ àti díẹ̀ lára àgbọ̀n, wọ́n la ọrùn rẹ̀, wọ́n kó àwọn kókó ibẹ̀ kúrò, wọ́n sì fi awọ itan rẹ̀ dí ojú ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ onítànṣán tọ́jú rẹ̀. Mo lọ kí i lẹ́ẹ̀kan ní wọ́ọ̀dù. Ó ń fi páìpù mu omi ọ̀gì. Ó gbé ojú sókè, ó wo etí mi, ó wá fi ọwọ́ ṣe àmì pé ó dáa. Mo jáde sí ìta, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí.

N kò lọ mọ́. Bí ó ṣe padà sílé, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo ń gbà kí n má bàa kọjá níbẹ̀. Mo bi Dókítà Mojí lẹ́ẹ̀kan bóyá àyè Rísí ni mo gbà. Wọ́n ní, “Kò sí àyè tí o gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ì bá máà sí ìwọ, àìsàn rẹ̀ ì bá ṣì jìn.” Ó yé mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá dùbúlẹ̀, ọkàn mi á ní, ẹni tó rí i lára rẹ ló kù sẹ́yìn. Ìjọ Fúnkẹ́ ní kí n wá jẹ́rìí sí iṣẹ́ Ọlọ́run. Wọ́n wọ̀ mí láṣọ funfun, agogo ń dún, gbogbo ìjọ ń pàtẹ́wọ́. Mo dúró níwájú wọn, mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, “Àwa méjì la lọ.” Fúnkẹ́ ló wá mú mi lọ́wọ́ jókòó. Nígbà tí a délé, ó ní, “Bàbá Tóbi, ẹ lọ rí i. Mo bẹ̀ yín.” Mo fi ẹ̀bùn iṣu rán an sí Rísí dípò èmi fúnra mi.

Rísí gbé iṣu náà padà wá. Ọjọ́ Àìkú ni, mo wà lẹ́yìnkùlé. Mo gbọ́ ohùn kan tí kò yé mi dáadáa, afẹ́fẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ jáde níbi tí kò yẹ. Mo gbójú sókè. Kò bo ojú.

“Bọ̀dá Ṣẹ́gun, kí ni mo ṣe yín?”

“Rísí, o ò ṣe mí ní nǹkan kan.”

“Ẹ wá ń sá fún mi. Ẹ ń fi iṣu ránṣẹ́ sí mi bí ẹni ń kí òkú.”

“Ojú ló ń tì mí.”

“Ojú ń tì yín pé ara yín yá?”

“Ìwọ lo rí i létí mi. Ìwọ lo mú mi lọ. Èmi ló wá...”

Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan. Ó ń fi aṣọ nu itọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí n lè gbọ́. “Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi iná wò wá, mo kórìíra yín. Mo ní kí ló dé tí kì í ṣe èmi, tí mo ní ọmọ kékeré nílé. Mo kórìíra yín títí tí wọ́n fi gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ìgbà tí mo jí, ó ti tán. N kò mọ ibi tó lọ. Èmi tí ó yẹ kí n máa bínú ti gbé e kalẹ̀, ẹ̀yin wá gbé e, ẹ ń rù ú kiri Ajah.”

Mo ń sunkún. Kò bá mi sunkún.

“Mo ní ìpàdé pẹ̀lú dókítà lọ́jọ́ Túsìdeè,” ló wí. “Ọ̀rọ̀ mi kì í yé àwọn nọ́ọ̀sì mọ́. Mo ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń wo ara wọn. Bàbá Àmídá wà níbi iṣẹ́ ní èbúté, kì í wálé àfi òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin ń gbọ́ mi. Mi ò fẹ́ iṣu. Ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀.”

Láti ìgbà yẹn ni a ti ń jọ lọ. Bí wọ́n bá bi í léèrè, ó máa sọ ọ́, èmi á tún un sọ fún wọn. Ìgbà míì mo máa ń sọ ọ́ kù, á na ìka sí mi, màá tún un ṣe.

Bí a ṣe wà báyìí: etí mi kéré díẹ̀ sí èkejì, àpá funfun kan sì wà ní ẹ̀bátí mi. N kò gun òkè ilé nínú oòrùn mọ́. Iṣẹ́ táìlì ni mo ń ṣe nínú ilé, mo ń dé fìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó bo etí àti ọrùn, mo sì ń pa ìpara tó ń dènà oòrùn bí àwọn dókítà ṣe ní. Wọ́n ṣì ń yẹ̀ mí wò lóòrèkóòrè, torí pé ó lè yọ níbòmíràn. Ti Rísí, wọ́n kò tíì rí i kó padà. Wọn kò sì tíì sọ fún un pé ó ti tán. Ó ń ránṣọ. Àmídá pẹ̀lú rẹ̀ ti ya fọ́tò wọn, ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Ìwọ tí mo ń kọ èyí sí, bí egbò kan bá wà lára rẹ tí kò san, yálà ó dùn ọ́ tàbí kò dùn ọ́, lọ fi han dókítà. Bí ìyá rẹ bá gbé àgbo wá, má bá wọn jà. Gbá wọn mọ́ra, kí o sì lọ. Bí wòlíì bá ní kí o wá gbàdúrà, gbàdúrà, kí o sì lọ. Bí wọ́n bá sọ fún ọ nípa oògùn tó ń tàn, bèèrè ohun tí kò lè ṣe, kì í ṣe ohun tó lè ṣe nìkan. Bí ó bá bá ọ mu, gbà á. Bí kò bá bá ọ mu, abẹ ṣì wà, ẹ̀rọ onítànṣán ṣì wà, Rísí sì wà láyé. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwọ ni ara rẹ yá, tí ẹnì kejì rẹ kò rí bẹ́ẹ̀, mi ò mọ ohun tí màá sọ fún ọ. Ẹ̀bi náà kò tíì kúrò lára mi. Mo kàn ń gbé e lọ síbi tí mo bá ti wúlò ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jáde ní ọsibítù, ebi ti ń pa wá. A ra àkàrà gbígbóná, a jókòó sábẹ́ ibòji kan. Rísí máa ń já tirẹ̀ sí wẹ́wẹ́, á fi ìka tì í sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì le, á sì fi aṣọ dí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ó má bàa dà sílẹ̀. Ó ń pẹ́. Mo di tèmi mú lọ́wọ́ nínú bébà, mo ń wo ojú títì. Ó gbójú sókè, ó rí i pé n kò tíì fẹnu kàn án.

“Ẹ jẹun,” ló wí.

Mo jẹun.